Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bínú sẹ́ni tó ta hóró fún yín

Olóòtú wa àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ìròyìn wá bá wa ní èdè tí gbogbo wa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín, ọ̀rọ̀ nípa ata àti tòmátì àti ẹ̀fọ́ táwọn èèyàn ń gbìn sẹ́yìnkùlé wọn látìgbà tí ọjà ti wọ́n. Ní báyìí, kò sí àdúgbò téèyàn máa dé ní Ìbàdàn níbí tí ò ní rí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì, àpò ìrẹsì, táyà mọ́tò, tí wọ́n ti rọ yẹ̀pẹ̀ sí tí wọ́n sì gbin nǹkan sí i. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá ra ọ̀gbìn lọ́wọ́ mi ni pé àwọn ti gbin hóró tiwọn rí, kò hù, tàbí ó hù tán ó kú, wọ́n á ní ẹni tó ta hóró fáwọn ló lu àwọn ní jìbìtì, àwọn míì á tiẹ̀ sọ pé ọwọ́ àwọn ò dáa fóhun ọ̀gbìn, pé bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn nìyẹn, wọ́n á sì pa á tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e jáde kí wọ́n kà á: lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe hóró ló jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ọwọ́ wọn, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí ni.

Tó bá jẹ́ hóró lẹ ń fura sí, ó ní bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹ ka hóró mẹ́wàá, ẹ fi tíṣù tẹ́ ẹ ti rẹ sómi tẹ́ ẹ sì fún dáadáa wé e, ẹ fi í sínú nylon kan, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ilé, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Tòmátì máa ń là láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ata lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, rodo tiẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà míì, ẹ má kánjú dà á nù. Tí méje tàbí mẹ́jọ bá là nínú mẹ́wàá, hóró yẹn dáa, ẹni tó tà á fún yín ò ṣẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ méjì péré ló là, nígbà yẹn lẹ ní ẹjọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan gbà pé kéèyàn máa gbin hóró sábẹ́ òrùlé, nǹkan òyìnbó ni, pé ìlú tí òtútù wà ni wọ́n ti ń ṣe é. Lóòótọ́, àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Manchester, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ilé ni wọ́n ń gbin rodo sí láti February, torí ìta ṣì máa ń tutù wọ inú May níbẹ̀, tí wọ́n bá gbé e síta ṣáájú ìgbà yẹn òtútù á pa á. Tiwa níbí, òjò ni. Òjò June kan ṣoṣo tó bá rọ̀ lóru, á gbá hóró tẹ̀tẹ̀ àti ti tòmátì kúrò níbi tẹ́ ẹ gbìn ín sí, èyí tí ò bá gbá lọ á rì í mọ́lẹ̀ débi pé kò ní lè yọrí mọ́, àti pé lẹ́yìn òjò adìẹ ṣì wà, ewúrẹ́ aládùúgbò wà, èèrà wà tó ń ru hóró lọ sínú ihò ẹ̀. Nítorí náà fàráńdà dáa, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáa, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì náà dáa, bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣáà ti ń wọbẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan olówó ńlá, nylon pure water tẹ́ ẹ bá ti mu omi inú ẹ̀ tán, ẹ gé orí ẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí ìdí ẹ̀, ó ti di ohun tẹ́ ẹ lè gbin ata kan sí títí táá fi tó lọ́ síbòmíì. Kíréètì ẹyin onípépà náà ṣeé lò àmọ́ ó máa ń tètè gbẹ. Ihò ìdí yẹn ni kẹ́ ẹ má gbàgbé o, ike tí ò níhò nídìí, sàréè ọ̀gbìn ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ikú tó ń pa àwọn ọmọ ọ̀gbìn yìí. Á hù dáadáa, á yọ ewé méjì, inú yín á dùn, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ó bá a tó ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Tẹ́ ẹ bá wo ìdí ẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti fún wọlé, ó ti rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Damping-off làwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè é, àwọn ohun tín-ín-tín bíi fọ́ńgáàsì tó ń gbé inú ilẹ̀ ló ń fà á, Pythium lorúkọ ọ̀kan, Rhizoctonia lorúkọ èkejì, àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé mọ̀ wọ́n dáadáa. Inú yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ kó wálé ni wọ́n bá yín wá, ohun tó sì máa ń fún wọn lágbára ni omi àpọ̀jù, kí hóró há mọ́ra jù, kí atẹ́gùn má ráyè kọjá. Mo rí àwọn tó ń bomi rin ọ̀gbìn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, torí wọ́n nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìfẹ́ yẹn ló sì ń pa á. Ẹ ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀ náà títí dé oríkèé àkọ́kọ́, tó bá ṣì tutù níbẹ̀ ẹ fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ló dáa jù láti bomi rin ín kí ara ẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, tó bá sì ṣeé ṣe ẹ gbé ike náà sórí abọ́ tí omi díẹ̀ wà nínú ẹ̀ kó fi ìdí fa omi mu, lẹ́yìn náà ẹ gbé e kúrò. Èyí tó bá ti dùbúlẹ̀ ò ní dìde mọ́, kò sí oògùn tó lè jí i, ẹ yọ ọ́ kúrò tòun ti yẹ̀pẹ̀ tó yí i ká kó má baà ran èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ ààtàn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, òun gan-an ló jẹ́ kí n gbé bírò. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ààtàn ẹ̀yìnkùlé ni tòmátì àti ìbẹ́pẹ ti ń hù fúnra wọn láìsẹ́ni tó gbìn wọ́n, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni èèpo iṣu, eérú ààrò, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo ẹ̀ á jẹrà pọ̀ á sì di ilẹ̀dú. Ohun tá a bá lọ́wọ́ wọn nìyẹn tó ṣì wà lórí wa, òun la fi ń gbé ṣọ́bìrì lọ sórí ààtàn òde òní tá a bá ti rí i pé yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ ná! Nylon ni, pámpáàsì ni, bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù, gílóòbù tó fọ́, agolo ọ̀dà, wáyà táwọn ọmọ kan ti dáná sun kí wọ́n lè rí kọ́pà inú ẹ̀ yọ. Òjé, tí wọ́n ń pè ní lead lédè Gẹ̀ẹ́sì, ń bẹ nínú bátìrì mọ́tò, ó ń bẹ nínú ọ̀dà àtijọ́. Òjé kì í jẹrà, kì í lọ, ẹ̀fọ́ elewé máa ń fà á látinú ilẹ̀, eruku ẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara ewé, tọ́mọdé bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ọpọlọ ọmọ náà ló ń bà jẹ́, kò sì sóògùn tó máa dá ohun tó bà jẹ́ yẹn padà. Ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ kí ara àwọn ọmọ yín lè le, ẹ wá lọ fi yẹ̀pẹ̀ bátìrì gbìn ín. Yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà kò dáa, ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì ló wá burú jù. Kò sí omi tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kò sí iná tẹ́ ẹ máa fi sè é tí òjé yẹn máa fi jáde. Ẹ má kó o wálé rárá.

Èyí tó dáa ni ilẹ̀dú abẹ́ igi tàbí ti oko tó ti sinmi, kẹ́ ẹ ha òkè ẹ̀ nìkan, ẹ má walẹ̀ jìnnà, torí yẹ̀pẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ ò lọ́ràá. Korobá mẹ́ta ilẹ̀dú, korobá méjì ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù tó ti jẹrà tán, korobá kan iyanrìn odò, ẹ pò ó pọ̀, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Iyanrìn yẹn ni kì í jẹ́ kí omi dúró sójú kan, àwọn èèyàn máa ń fojú tín-ín-rín ẹ̀ torí kò ní oúnjẹ nínú, àmọ́ láìsí i ilẹ̀ á dì gbagidi. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kọ́ o! Ìgbẹ́ adìẹ tó ṣì ń rùn, tó ṣì ń gbóná tẹ́ ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, á jó gbòǹgbò ọmọ ọ̀gbìn láàárín ọjọ́ méjì, ẹ kó o jọ síbi kan, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa dà á sókè dà á sísàlẹ̀, tó bá tó bí oṣù méjì tí ò rùn mọ́ tó sì ti tutù, ó ti yá. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń kó ní sọ́mìlì náà, tó bá ṣì tuntun kò dáa, nígbà tó bá ń jẹrà lọ́wọ́ nitrogen tó yẹ kí ọ̀gbìn jẹ ló máa ń gbà, ewé á wá máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ lè ra cocopeat, ìyẹn èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, ó fúyẹ́, ó sì mọ́, ó máa ń ní iyọ̀ nínú nígbà míì nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ sì ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ sì rántí pé kò sóúnjẹ nínú ẹ̀ fún ọ̀gbìn.

Kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan kan sínú yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ pò yìí, ẹ sè é. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sè é! Ẹ da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù tàbí agbada jíjìn kan, ẹ to òkúta sínú ẹ̀, ẹ gbé irin tàbí páànù tẹ́ ẹ ti lu sórí òkúta náà kí yẹ̀pẹ̀ má kan omi, ẹ gbé yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ rọ sínú àpò lé e, ẹ dé e. Ooru omi yẹn ló máa ṣiṣẹ́, tí gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà bá ti gbóná tó bí 80°C tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn fọ́ńgáàsì yẹn, ẹyin kòkòrò, hóró koríko, gbogbo ẹ̀ ti kú. Ta ló wá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru nílé? Ẹ ki ọ̀dùnkún kékeré kan bọ àárín yẹ̀pẹ̀ náà, tó bá ti jinná, yẹ̀pẹ̀ náà ti jinná. Ẹ má yan án lórí iná gbígbẹ títí táá fi máa rú èéfín, ìyẹn ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ bò ó, ẹ má sì fi ṣọ́bìrì tó ṣì ní yẹ̀pẹ̀ ìta lára kó o.

Bí wọ́n ṣe ń gbin ìkọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àmọ́ mi ò ní fa ìyẹn gùn. Ewédú, awọ hóró ẹ̀ le, ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré kẹ́ ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù, kó tó di pé ẹ gbìn ín, ẹ ó rí bó ṣe máa hù. Tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn kó má baà ṣùjọ síbì kan. Hóró ugu ò gbọdọ̀ gbẹ, látinú ugu tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni kẹ́ ẹ ti gbìn ín. Ilá ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣí òun nípò, ibi tó máa gbé náà ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Ata, tòmátì àti ikàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé abẹ́ òrùlé kó tó bọ́ síta.

Nígbà tí wọ́n bá sì ti hù, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Èyí tó bá ga fíofío, tó tínrín, tó ń tẹ̀ síbi fèrèsé, ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á, kì í ṣe ebi ajílẹ̀, ẹ má da NPK sí i. Ẹ máa yí ike náà padà lójoojúmọ́. Tí tòmátì bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ata tó mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ má kàn gbé e látinú ilé lọ sínú oòrùn ọ̀sán o. Wákàtí kan lówùúrọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó máa pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dín omi ẹ̀ kù díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wá lọ́ ọ nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọlé.

Níbi tó ti wá bọ́ síta yìí ni ìṣòro kejì wà, torí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe ilẹ̀ oko. Ilé tuntun, yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n fi kún ilẹ̀ ẹ̀, katakátá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti kọnkéré tó kù lọ́wọ́ bíríkìlà wà nínú ẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rọ omi kún un, tó bá dọjọ́ kejì tí omi ṣì wà níbẹ̀, kò sóhun tẹ́ ẹ máa gbìn síbẹ̀ tí gbòǹgbò ẹ̀ ò ní rà, ẹ yáa kọ ebè tó ga tàbí kẹ́ ẹ fi pákó yí ibì kan ká kẹ́ ẹ rọ ilẹ̀ tó dáa sórí ẹ̀. Níbi tí sìmẹ́ǹtì pọ̀ sí, ewé tuntun á pọ́n àmọ́ iṣan ewé á ṣì tutù, torí ọ̀gbìn ò lè fa irin mu níbẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ á tún lọ da eérú sí i, eérú á sì mú un burú sí i. Eérú wúlò níbi tí àsíìdì bá pọ̀ sí nínú ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yanrìn apá Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ níbi tí òjò ti fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ, níbẹ̀ náà ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ojú ebè, kì í ṣe báfù.

Tòmátì tó ti ga, tó ti ń yọ òdòdó, tó ṣàdédé rọ lọ́sàn-án pẹ̀lú ewé tútù lórí, tí omi ò sì wọ́n ọn, ẹ gé igi ẹ̀ nídìí, ẹ rì í bọ gíláàsì omi mímọ́, ẹ má mì ín. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó ń ṣàn bí òwú jáde láti ojú ibi tẹ́ ẹ gé, bakitéríà Ralstonia ni, inú ilẹ̀ náà ló ń gbé. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kẹ́ ẹ sun ún, ẹ má sì gbin tòmátì, ata, ikàn tàbí pòtétò síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, ohun tó pa ọ̀kan máa pa èkejì. Ẹ gbin àgbàdo.

Tí ẹ bá hú u tẹ́ ẹ wá rí i pé gbòǹgbò ẹ̀ lé kókó kókó, aràn tí ojú ò rí ni, ó máa ń bá ṣọkọ, ewédú àti ilá náà jà. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn lẹ lè gbógun tì í: ẹ bomi rin ilẹ̀ náà, ẹ fi nylon funfun tó ń fi inú hàn, kì í ṣe dúdú, bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ ri etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, oòrùn January àti February á se ilẹ̀ náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí èso tòmátì tó dúdú tó sì ń rà kó tó pọ́n, ìyẹn kì í ṣe àìsàn tó ń ràn, èròjà tí wọ́n ń pè ní calcium ni kò dé inú èso torí wọ́n ń bomi rin ín lónìí wọ́n ń gbàgbé ẹ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ máa lọ déédéé kẹ́ ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, ẹ ó rí i pé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dáa.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Ìbàdàn yìí ni NIHORT wà, ní Ìdí-Iṣin ní Jericho, láti 1975, iṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ ni ìjọba tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀. IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ míì, wà ní Moor Plantation, IITA, tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ láti 1967. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀, ìyá tó ń gbin ata sínú kẹ́ẹ̀gì ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè rí i kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán oníròyìn yín lọ bá wọn, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ máa sọ fún wa ohun tó yẹ ká gbìn lóṣù náà, àìsàn tó ń jà, àti ibi téèyàn lè gbé yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ lọ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òjé wà nínú ẹ̀ àti iye tí wọ́n máa gbà. Ti òjé yẹn ni kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọlọ́gbìn kan, Àpáta, Ìbàdàn.